React nínú ẹ̀rọ tí mẹ́mọ́rì rẹ̀ kò tó nǹkan: ohun tí ojú mi rí

Ẹni tó bá ń fi React, àkójọ irinṣẹ́ èdè JavaScript fún kíkọ ojú app, kọ ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì kì í sábà bi ara rẹ̀ pé mẹ́mọ́rì mélòó ló kù. Kí ló fẹ́ béèrè fún? Fóònù tí kò wọ́n rárá ní Computer Village n'Ìkẹjà, gígábáìtì 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. ESP32 ní tirẹ̀, ṣípù kékeré tí wọ́n ń fi sínú ẹ̀rọ ilé, èyí tí iléeṣẹ́ Espressif ní ilẹ̀ Ṣáínà gbé jáde ní 2016, kìlóbáìtì 520 ló ní. Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló sì máa tẹ̀ yín lọ́wọ́. Nínú 520 yẹn, 320 péré lẹ lè kó dátà sí. Wi-Fi á gba tirẹ̀ níbẹ̀, ètò tó ń ti íńtánẹ́ẹ̀tì ní kọ́kọ́rọ́ á gba tirẹ̀, ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ máa fi ṣe ọ̀ṣọ́ ojú ẹ̀rọ.

Inú àṣẹ́kù yẹn ni wọ́n ní kí n kó React sí.

Ẹ̀rọ tí à ń sọ yìí, ara ògiri ni wọ́n ń kàn án mọ́ nílé tàbí ní ṣọ́ọ̀bù tó ń lo sólà. Ojú rẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì 320 ní ìbú, 240 ní òró. Tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ó máa sọ bí iná inú bátìrì ṣe kù tó, iye tí pánẹ́ẹ̀lì ń mú wọlé, àti bóyá NEPA mú iná wá (wọ́n ti yí orúkọ iléeṣẹ́ yẹn padà, wọ́n tún ti tà á, ẹnu wa kò kúrò lórí NEPA). Àwọn tí mo ń bá ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn ló kọ app fóònù tó ń bá ẹ̀rọ náà rìn, React sì ni wọ́n mọ̀. Wọ́n fẹ́ máa kọ ojú ẹ̀rọ bí wọ́n ṣe ń kọ app: kí ẹ kọ component (apá kan lójú ẹ̀rọ), kí ẹ fún un ní props (ohun tí ẹ fi rán an), kí ẹ yí state (ohun tó ń rántí) padà, kí ojú ẹ̀rọ tún ara rẹ̀ ṣe. Wọn ò fẹ́ rí C++, èdè tí a fi ń kọ inú irú ẹ̀rọ yìí, sójú. Mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn, torí pé ohun tó dára jù nínú ohun tí Facebook fi ta ayé lọ́rẹ ní 2013 náà nìyẹn. Kí ẹ sọ bí ojú ẹ̀rọ ṣe yẹ kó rí, kí ẹlòmíì máa wá ọ̀nà tí yóò fi rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tó kọ́kọ́ wá sí gbogbo ènìyàn lọ́kàn ni pé ká gbé JavaScript fúnra rẹ̀ wọ inú ẹ̀rọ. Kì í ṣe àlá. Àwọn ètò kékeré tó ń jẹ́ kí JavaScript ṣiṣẹ́ wà: QuickJS wà, tí Fabrice Bellard àti Charlie Gordon gbé jáde ní 2019. Duktape wà. JerryScript tí Samsung kọ wà pẹ̀lú, wọ́n sì dìídì ṣe é fún ẹ̀rọ tí mẹ́mọ́rì rẹ̀ kò tó kìlóbáìtì 64. Ká wá fi Preact lé e lórí, àbúrò React tó kéré, èyí tí Jason Miller kọ, tí wọ́n máa ń fi kìlóbáìtì 3 polówó rẹ̀. Tí ẹ bá ro ó lórí ìwé, ó wọlé, ó tún ṣẹ́kù.

Ṣùgbọ́n kìlóbáìtì 3 yẹn, ìwọ̀n kóòdù ni, lẹ́yìn tí wọ́n ti fún un pọ̀ kó lè tètè gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì kọjá. Kò sọ nǹkan kan nípa ohun tí kóòdù náà ń dá sílẹ̀ bó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ ṣí inú Preact wò: nǹkan kékeré kọ̀ọ̀kan tó wà lójú ẹ̀rọ ní object (ìdì dátà) kan tó dúró fún un, object yẹn sì ní ojúlé tó lé ní mẹ́wàá nínú: irú rẹ̀, props rẹ̀, key, bàbá rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀, component tó ni ín, bẹ́ẹ̀ lọ. Props tún jẹ́ object mìíràn. Àwọn ọmọ tún jẹ́ array (ìtò dátà) mìíràn. Bí fólítéèjì bátìrì bá kúrò ní 52.1 tó di 52.2, component á tún ara rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, á dá òmíràn sílẹ̀ fún gbogbo wọn, á fi tuntun wé ti tẹ́lẹ̀, á rí i pé nọ́ńbà kan péré ló yí padà, á sì da ti tẹ́lẹ̀ nù. Lórí fóònù, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. V8, ètò tó ń ṣe JavaScript nínú Chrome, ní agbálẹ̀ mẹ́mọ́rì tó já fáfá, tó tún máa ń kó àwọn ohun tó ṣẹ́kù jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí àyè lè wà.

Ẹ̀dà tí mo kọ́kọ́ fi dán ọ̀rọ̀ yìí wò kò tiẹ̀ ní JavaScript nínú. Ọgbọ́n kan náà ni, fífi ẹ̀dà tuntun wé ti tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní virtual DOM; C++ ni mo fi kọ ọ́, kí n lè mọ̀ bóyá ọgbọ́n náà ló gba àyè tàbí èdè tí wọ́n fi kọ ọ́. Lórí tábìlì, ó ń yí bí òòlọ̀. A gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan tó gbà wá láyè láti dán an wò. Ọjọ́ díẹ̀ kọjá, ojú ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́, nọ́ńbà ń yí, ṣùgbọ́n kò fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí sáfà mọ́. Tí wọ́n bá pa á tí wọ́n tún tàn án, á padà sípò. Tó bá tún di ọjọ́ mélòó kan, ohun kan náà.

Nígbà tí a wo àkọsílẹ̀ tó ń ṣe fúnra rẹ̀, mẹ́mọ́rì tó ṣófo lé ní kìlóbáìtì 70. Ẹni tó bá rí nọ́ńbà yẹn á ní kò sí ìṣòro. Ṣùgbọ́n ìbéèrè méjì ni ESP-IDF, àkójọ irinṣẹ́ Espressif fún ESP32, gbà wá láyè láti bi heap, ibi tí ètò ti ń yá mẹ́mọ́rì tó sì ń dá a padà. Heap_caps_get_free_size ń sọ àpapọ̀ ohun tó ṣófo. Heap_caps_get_largest_free_block ń sọ èyí tó tóbi jù nínú àwọn àyè tó wà pa pọ̀. Èsì ìkejì jẹ́ nǹkan bíi kìlóbáìtì 12. Bẹ́ẹ̀, kí mbedTLS, ètò tó ń ti ọ̀rọ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì ní kọ́kọ́rọ́ pẹ̀lú òfin TLS, tó lè bá sáfà sọ̀rọ̀ ní bòókẹ́lẹ́, ó fẹ́ àyè kìlóbáìtì 16 tó so pọ̀, torí pé bí ìdì ọ̀rọ̀ TLS kan ṣe lè tóbi tó nìyẹn. Ṣé ẹ ti wọ dánfó rí tí kọ́ńdọ́kítọ̀ ń pariwo pé àyè mẹ́rin ló kù, tí ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta fẹ́ wọlé, tó wá rí i pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àyè náà, ní ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀? Kọ́ńdọ́kítọ̀ kò purọ́. Ìyá náà kò sì lè jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀.

Báyìí ló ṣe ń ṣẹlẹ̀. Àwọn node ojú ẹ̀rọ, ìyẹn àwọn object tó dúró fún nǹkan kọ̀ọ̀kan lójú ẹ̀rọ, ń wọlé, wọ́n ń jáde, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lójúmọ́. Láàárín wọn, nǹkan kan tó máa pẹ́ á wọlé: orúkọ Wi-Fi, àdírẹ́sì sáfà, ọ̀rọ̀ tí oníbàárà tẹ̀. Node á lọ, ọ̀rọ̀ yẹn á jókòó sáàárín. C++ kò lè ṣí i nípò, torí pé pointer, àdírẹ́sì ibi tó wà nínú mẹ́mọ́rì, ti wà káàkiri tó ń tọ́ka sí i níbẹ̀. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, heap á di àlòkù aṣọ tí eku jẹ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti yí ìbéèrè mi padà. Mi ò béèrè mọ́ pé báwo ni library (àkójọ kóòdù) yìí ṣe tóbi tó. Mo ń béèrè pé kí ló ń dá sílẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti jí tán. Ìdáhùn tí mo fẹ́ ni: kò sí. Òfo.

Tí ẹ bá fi ìbéèrè yìí yẹ React wò, ẹ máa rí i pé virtual DOM kọ́ ni React. Wọ́n ṣe virtual DOM nítorí bráúsà: DOM, igi gbogbo ohun tó wà lójú ìwé, kì í ṣe ti ẹni tó ń kọ app, fífọwọ́ kàn án sì wọ́n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní ẹ̀dà kan lọ́wọ́ tí wọ́n máa kọ́kọ́ fi wé. Nínú ẹ̀rọ tiwa, àwa la ni igi náà láti gbòǹgbò dé ewé. Kí la fẹ́ fi ẹ̀dà rẹ̀ ṣe? Àwọn ará íńtánẹ́ẹ̀tì fúnra wọn ti ń rìn lọ sápá ibẹ̀. Rich Harris gbé Svelte jáde ní 2016 pẹ̀lú èrò pé kí iṣẹ́ ìfiwéra parí lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó ń kọ kóòdù. Nínú Solid tí Ryan Carniato kọ, component máa ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, state kọ̀ọ̀kan sì mọ ibi tó kàn lójú ẹ̀rọ. Mo mú ọgbọ́n méjèèjì, mo sì jẹ́ kí ó jọ React lójú àwọn tí yóò máa lò ó.

Báyìí, àwọn ọmọ iṣẹ́ ń kọ component wọn bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Irinṣẹ́ kan lórí kọ̀ǹpútà wọn ló máa ń túmọ̀ rẹ̀ sí tábìlì tó máa jókòó sínú flash, ibi ìpamọ́ tí kì í parẹ́ bí iná bá lọ. Flash kò wọ́n wa, mégábáìtì 4 ló wà nínú èyí tí a ń lò. Ọ̀rọ̀ tí kì í yí padà, àwọ̀, ibi tí nǹkan máa wà, gbogbo rẹ̀ wà ní flash, mẹ́mọ́rì kò tiẹ̀ gbọ́ nípa wọn. Ohun tó bá lè yí padà nìkan ló máa ní node.

Node kan jẹ́ báìtì 20. Ẹ jẹ́ ká kà á. Bàbá rẹ̀, ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́, àbúrò rẹ̀ tó tẹ̀ lé e: báìtì 2 ẹnì kọ̀ọ̀kan, 6. Irú rẹ̀ àti àmì: 2. Ibi tó wà, ìbú àti òró rẹ̀: nọ́ńbà mẹ́rin, báìtì 8. Pointer kan sí tábìlì rẹ̀ ní flash: 4. Ẹ ṣàkíyèsí pé bàbá àti ọmọ kì í ṣe pointer. Nọ́ńbà àga wọn ni. Ọ̀dọ̀ JerryScript ni mo ti kọ́ èyí: dípò pointer báìtì 4, báìtì 2 ni wọ́n ń lò, torí wọ́n mọ̀ pé gbogbo ohun tí wọ́n ń tọ́ka sí wà nínú àgbàlá kan ṣoṣo. Node 240 jẹ́ báìtì 4,800. A ya àyè wọn sọ́tọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń jí, a kì í dá a padà láé. Bí ẹ bá ti ojú kan bọ́ sí òmíràn, àga kan náà ni a tún jókòó sí.

Ó ku ìbéèrè pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí 240 kò bá tó. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ oníbàárà ló máa kọ́kọ́ gbọ́. Irinṣẹ́ tó ń túmọ̀ component ló ń ka node ojú kọ̀ọ̀kan. Bí ojú kan bá kọjá 240, irinṣẹ́ náà kò ní gbà á wọlé, á sì sọ ojú tó jẹ̀bi.

Àríyànjiyàn tó gbóná jù lórí gbogbo èyí wáyé nítorí map. Ẹni tó mọ React mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń kọ àkójọ nìyẹn: ẹ mú array, ẹ yí ẹnì kọ̀ọ̀kan padà sí ìlà kan. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò ibi iṣẹ́ wá bá mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé mi ò ní lè lo map mọ́ ni?"

Mo ní, "Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Iná tí wọ́n lò láti oṣù kan sẹ́yìn. Ọjọ́ 30, ìlà 30."

"Ìlà mélòó lojú ẹ̀rọ lè gbà lẹ́ẹ̀kan?"

Ó ṣírò rẹ̀. Ìlà kan jẹ́ píksẹ́lì 40, òró jẹ́ 240. "Mẹ́fà. Bí wọ́n bá ń yí i sókè, ó lè di méje."

"Méje náà ni wàá rí gbà."

Inú rẹ̀ kò dùn. Ṣùgbọ́n ohun tí Android ti ń ṣe pẹ̀lú RecyclerView láti 2014 nìyí: ìlà tó bá jáde lókè ni wọ́n tún gbé wọlé nísàlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tuntun. Key tí React ń béèrè lọ́wọ́ wọn ṣì wúlò, torí òun ló ń jẹ́ ká mọ ìlà tí ìka ẹni wà lórí rẹ̀ nígbà tí àkójọ ń yí. Àbúrò náà ló padà kọ component yẹn fúnra rẹ̀, tirẹ̀ sì dára ju èyí tí mo ní lọ́kàn lọ.

Ní ti yíyà àwòrán, n ò ní pẹ́ níbẹ̀, torí pé ẹnikẹ́ni tó bá ti fọwọ́ kan LVGL, library tó ń ya ojú ẹ̀rọ kékeré, mọ̀ ọ́n. Ojú kan ní kíkún, báìtì 2 fún píksẹ́lì, jẹ́ báìtì 153,600. A kò ní in. Ìlà 24 la ń yà lẹ́ẹ̀kan, báìtì 15,360, a fi ránṣẹ́, a tún ya òmíràn. Bí wáyà SPI tó so ṣípù mọ́ ojú ẹ̀rọ bá ń sáré ní mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì 40, ojú kan ní kíkún á gba nǹkan bíi milisẹ́kọ́ǹdì 31. Nọ́ńbà fólítéèjì nìkan, tó jẹ́ píksẹ́lì 80 sí 24, kò tó milisẹ́kọ́ǹdì kan. Nítorí náà, ibi tó yí padà nìkan la ń yà. Ẹni tí kò bá ní ìdí gúnmọ́, kó lo LVGL kó máa bá tirẹ̀ lọ. Èmi ò lo àwọn bọ́tìnnì àti àpótí rẹ̀ torí pé LVGL ní igi tirẹ̀, n ò sì fẹ́ bọ́ igi méjì.

Ibi tí mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ sí ni ọ̀rọ̀ Yorùbá lójú ẹ̀rọ. Àwọn tó ń lò ó fẹ́ Yorùbá, wọ́n sì fẹ́ kó ní àmì. Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ kóòdù kò mọ̀ ni pé Unicode, àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ, ó ní fún ọ, ó ní fún ṣ, ó ní fún à àti ǹ, ṣùgbọ́n kò ní fún ẹ́ tàbí ọ̀. Àwọn yẹn jẹ́ méjì: lẹ́tà tirẹ̀, àmì tirẹ̀, kí ẹni tó ń yà á wá gbé èkejì lé èkíní lórí. Bráúsà mọ iṣẹ́ yẹn. Àwọn ètò kékeré tó ń ya fọ́ńtì nínú ẹ̀rọ kì í sábà mọ̀ ọ́n. Wọ́n á ya lẹ́tà, wọ́n á ya àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tàbí kí wọ́n fi àpótí òfìfo síbẹ̀. Ètò ńlá tó lè gbé àmì lé lẹ́tà lórí bó ṣe yẹ wà, ṣùgbọ́n kò ṣeé gbé wọ inú ohun tó ṣẹ́kù fún wa.

Mo ka àwọn tí kò ní nọ́ńbà tirẹ̀: ẹ́, ẹ̀, ọ́, ọ̀, m̀, kékeré àti ńlá. Mẹ́wàá péré. Mo ya mẹ́wẹ̀ẹ̀wá gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà odidi, mo sì fi wọ́n sí apá Unicode tó bẹ̀rẹ̀ láti E000, ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lò ó bó ṣe wù ú. Irinṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà ń pààrọ̀ wọn nínú gbogbo ọ̀rọ̀ kó tó wọ flash. Ọ̀rọ̀ tí oníbàárà bá fi fóònù rẹ̀ tẹ̀, bí orúkọ yàrá, ẹ̀rọ ló máa pààrọ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú tábìlì ìlà mẹ́wàá. Àfikún gbogbo rẹ̀ lórí fọ́ńtì kò tó kìlóbáìtì 2, flash ló sì wà. Ẹni tó bá ní àmì Yorùbá wọ́n jù fún ẹ̀rọ kékeré, kò tíì ṣírò rẹ̀ ni.

Nínú React, àwọn nǹkan kan wà tí mo jù sẹ́yìn láì wẹ̀yìn: context, portal, Suspense, gbogbo agbo synthetic event (ọ̀nà tí React fi ń gba títẹ̀). Ìka kan ló ń tẹ ojú ẹ̀rọ wa. A wá node tó wà lábẹ́ rẹ̀, a bi í léèrè, bí kò bá fẹ́, a bi bàbá rẹ̀. Ó parí. Ṣùgbọ́n kíkó àyípadà jọ kí a tó yà, èyí tí React 18 jẹ́ kó máa ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀ níbi gbogbo ní 2022, mo dì í mú gírígírí. Ìnfátà ń sọ̀rọ̀ léraléra láàárín sẹ́kọ́ǹdì kan. Tí a bá ń yà ní gbogbo ìgbà tó bá lanu, a ò ní ṣe nǹkan míì. State kàn máa ń fi àmì sí node rẹ̀ pé ó ti dọ̀tí, kó tó di àsìkò yíyà. Mo tún fi kún un pé ọ̀rọ̀ tí ojú máa rí la fi ń wé: bí 52.13 bá di 52.14, tí 52.1 sì ni ẹ̀rọ ń kọ, kò sí ẹni tó máa ya nǹkan kan. Ẹ má sì jẹ́ kí interrupt, kóòdù tó ń já lu iṣẹ́ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lójijì, fọwọ́ kan state fúnra rẹ̀. Kó ju ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú queue (ìlà ìdúró) FreeRTOS, ètò tó ń pín iṣẹ́ nínú ẹ̀rọ, kó máa lọ.

Àdánwò tó gbà mí ju gbogbo èyí tó kù lọ kì í ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ rárá. A ń kọ́ library kan náà lórí kọ̀ǹpútà, a ń fi fèrèsé SDL (library tó ń ya fèrèsé) ṣe ojú ẹ̀rọ, a sì fi ọlọ́dẹ sẹ́nu ọ̀nà malloc, àṣẹ tí ètò fi ń tọrọ mẹ́mọ́rì. Lẹ́yìn tí ìbẹ̀rẹ̀ bá ti parí, ẹnikẹ́ni tó bá pe malloc, àdánwò já a nìyẹn. Gbogbo ojú ni a máa ṣí, gbogbo bọ́tìnnì ni a máa tẹ̀. Kò pẹ́ tó fi mú ẹni tó ń fi std::string, ọ̀rọ̀ C++ tó máa ń tọrọ mẹ́mọ́rì fúnra rẹ̀, so nọ́ńbà pọ̀ mọ́ lẹ́tà V, èyí tí ojú lásán kò ní rí láéláé. Snprintf, àṣẹ tó ń kọ ọ̀rọ̀ sínú àyè tí a ti yà sílẹ̀ ṣáájú, ló rọ́pò rẹ̀.

Ojú tó fún wa ní wàhálà jù lọ kì í ṣe èyí tí a rò. Àwòrán bí oòrùn ṣe mú iná wá láti òwúrọ̀ rọrùn, node kan ni, ó ń ka array, ó ń fa ìlà. Ibi tí wọ́n ti ń tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà Wi-Fi ló fẹ́ pa wá. Kíbọ́ọ̀dù ní kọ́kọ́rọ́ tó tó 40, kọ́kọ́rọ́ kan jẹ́ àpótí àti lẹ́tà, ó ti di 80 kí ẹ tó fi ibi ìkọ̀wé àti bọ́tìnnì "Ó tán" sí i, lẹ́tà ńlá àti àmì tún ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn kan ní ká sọ 240 di 400. Mo kọ̀. Kíbọ́ọ̀dù kò ní ohun tó ń yí padà nínú rẹ̀ ju kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n tẹ̀ lọ. A sọ gbogbo rẹ̀ di node kan ṣoṣo tó ń ka ojú ìwé lẹ́tà mẹ́ta láti inú flash, tó sì ń fi ìpín ṣírò kọ́kọ́rọ́ tí ìka bọ́ sí. Ojú náà lápapọ̀ wá di node mọ́kànlá.